Ọ̀pá hánẹ́ẹ̀sì fún ọkọ̀ asáré: láti orí ìwọ̀n dórí bóòtù

Hánẹ́ẹ̀sì ni bẹ́líìtì olókùn púpọ̀ tí awakọ̀ ìje ń lò. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ọ̀pá hánẹ́ẹ̀sì wà fún: kí okùn méjì tó gba èjìká awakọ̀ lè rí ibi tó lágbára so mọ́ lẹ́yìn síìtì, ní gíga tó yẹ. Tí kò bá sí i, ilẹ̀ ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń so okùn náà mọ́, okùn á wá máa fa èjìká wálẹ̀ dípò kó fà á sẹ́yìn. Ojú lásán, páìpù kan ló dábùú inú ọkọ̀ láti òpó ilẹ̀kùn ọ̀tún dé ti òsì. Ìyẹn ló ń mú kí àwọn kan mú páìpù tó bá wà nílẹ̀, kí wọ́n jó irin pẹlẹbẹ mọ́ ọn lórí méjèèjì, kí wọ́n dè é, kí wọ́n sì ní ó ti parí.

Nínú òfin FIA, àjọ tó ń darí eré ìje ọkọ̀ lágbàáyé, ojú ibi kọ̀ọ̀kan tí a so okùn èjìká mọ́ gbọ́dọ̀ lè gba agbára 1470 daN. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kí a gbé ẹrù 1,500 kg kọ́ ọ. Okùn èjìká méjì ni awakọ̀ kan ní. Bí ẹnì kejì bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, okùn di mẹ́rin, gbogbo wọn á sì jọ fa páìpù náà síwájú. Páìpù 40 mm tó dábùú àyè 1,200 mm láìní àtìlẹ́yìn yóò tẹ̀ kí ẹrù náà tó pé ìlàjì. Nítorí náà, ọ̀pá tí a ń ṣàlàyé níbí ní ẹsẹ̀ méjì tó lọ sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn ló ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Páìpù adábùú kàn ń fún okùn ní ibi tí yóò dì mọ́ ni.

Ọkọ̀ tó yẹ àti èyí tí kò yẹ

Hánẹ́ẹ̀sì máa ń de ènìyàn mọ́ síìtì gbọnyin. Bẹ́líìtì tó bá ọkọ̀ wá kò rí bẹ́ẹ̀: bí ọkọ̀ bá dojú dé tí òrùlé sì tẹ̀ wọlé, ara ṣì lè yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ẹni tó wà nínú hánẹ́ẹ̀sì kò lè yẹ̀, orí àti ọrùn rẹ̀ ni òrùlé yóò bá. Ọ̀pá hánẹ́ẹ̀sì kò sì fi nǹkan kan kún agbára òrùlé. Torí náà, ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ṣí, tàbí tó jẹ́ ti aṣọ, kò gbọdọ̀ gba ọ̀pá yìí rárá. Roll bar gidi (páìpù alágbára tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tó dojú dé tẹ awakọ̀) tó ga ju àṣíborí awakọ̀ lọ ni kí ẹ ṣe sí i. Nínú ọkọ̀ olórùlé irin, ẹ lè lò ó fún eré orí pápá ìje, ṣùgbọ́n ẹ fi bẹ́líìtì àtilẹ̀wá sílẹ̀ fún títì. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ọkọ̀ náà du ìje tó ní alámòójútó, ẹ kọ́kọ́ ka ìwé òfin ìje ọ̀hún, nítorí àwọn ìje kan kì í gba ọ̀pá tí a fi bóòtù dè. Wọ́n fẹ́ káájì odindi, ìyẹn páìpù tó yí inú ọkọ̀ po.

Síìtì náà ń kọ́? Síìtì tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣubú sẹ́yìn bí a bá fa ìfàsókè rẹ̀ kò bá hánẹ́ẹ̀sì lọ. Kò ní ihò fún okùn, okùn á yọ̀ kúrò léjìká, ẹ̀yìn síìtì náà sì lè ṣẹ́. Síìtì tí ìdí àti ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, tó ní ihò méjì fún okùn èjìká àti ihò kan níwájú fún okùn abẹ́ ìdí, ni kí ẹ wá. Okùn abẹ́ ìdí yìí kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Hánẹ́ẹ̀sì olókùn mẹ́rin máa ń fa ìdè ìbàdí gòkè sórí ikùn nígbà tí okùn èjìká bá gba ẹrù, awakọ̀ á sì yọ́ gba abẹ́ rẹ̀ lọ. Olókùn márùn-ún tàbí mẹ́fà ni kí ẹ rà.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ gbọ́: bí ọ̀pá yìí bá ti wọlé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó sẹ́yìn mọ́. Ọ̀gangan ojú àti ọ̀fun ẹni tó bá wà níbẹ̀ ni páìpù náà wà.

Ìwọ̀n kí a tó gé ohunkóhun

Ẹ ti síìtì sí ibi tí awakọ̀ ń lò ó gan-an. Kí awakọ̀ jókòó, kí ó dé àṣíborí, kí ó fi ẹ̀yìn kan síìtì. Ẹ má ṣe fi síìtì òfìfo wọn nǹkan, nítorí fóòmù máa ń rì.

FIA ní kí okùn èjìká sọ̀kalẹ̀ sẹ́yìn láti etí síìtì, kí igun rẹ̀ má ju dígírì 45 lọ, ó sì dámọ̀ràn kí ó má ju 10 lọ. Ẹ máa lépa 10 yẹn. 45 jẹ́ ààlà, kì í ṣe ibi tó yẹ kí ẹ dúró sí. Okùn tó bá sọ̀kalẹ̀ gan-an máa ń fún eegun ẹ̀yìn pọ̀ bó ṣe ń dá àyà dúró. Bí ọ̀pá bá sì ga ju èjìká lọ, okùn kò ní fara mọ́ èjìká, awakọ̀ á ti gòkè kí ó tó dá a dúró. Ìṣirò rẹ̀ kò le: bí ọ̀pá bá wà ní 250 mm sẹ́yìn etí ihò síìtì, dígírì 10 túmọ̀ sí pé ibi tí okùn ti kan ọ̀pá fi 44 mm relẹ̀ ju etí ihò náà lọ. Fún dígírì 20, ó di 91 mm. Fún 45, ó di 250 mm. Ẹni tó bá ń lo HANS tàbí irú ìdáàbòbò ọrùn mìíràn gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ìwé tó bá hánẹ́ẹ̀sì rẹ̀ wá, torí igun tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀ máa ń dín ju ti FIA lọ.

Bí okùn bá ṣe gùn tó lẹ́yìn síìtì náà ni yóò ṣe nà tó nígbà ìjàǹbá. Kí ọ̀pá má jìnnà, ṣùgbọ́n kí ó má kan síìtì nígbà tí ẹ bá tì í sẹ́yìn pátápátá, kí àyè sì wà fún irin ìdè okùn kí ó má wọ inú ihò síìtì. Láàárín 200 sí 300 mm máa ń bára mu nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ olílẹ̀kùn méjì. Tí ẹ bá wò ó láti òkè, okùn méjèèjì gbọ́dọ̀ lọ tààrà sẹ́yìn tàbí kí wọ́n máa sún mọ́ra wọn díẹ̀. Ààlà FIA jẹ́ dígírì 20 sí ìlà àárín síìtì. Okùn tó bá ń ya kúrò lára ara wọn yóò yọ̀ kúrò léjìká.

Ẹ tún wo bóòtù òkè bẹ́líìtì lára òpó ilẹ̀kùn, nítorí ibẹ̀ ni a ó de ọ̀pá mọ́. Nínú ọkọ̀ púpọ̀, bóòtù yìí ga ju èjìká awakọ̀ tó jókòó sínú síìtì ìje lọ, nítorí síìtì ìje máa ń relẹ̀. Ọ̀pá á wá ní láti wà nísàlẹ̀ bóòtù. Níbí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Bí páìpù bá wà ní 60 mm sísàlẹ̀ bóòtù kan ṣoṣo, nígbà tí okùn bá fà á síwájú, irin pẹlẹbẹ náà yóò yí lórí bóòtù bí ìlẹ̀kùn ṣe ń yí lórí ìde. Bóòtù tó le gan-an kò lè dá yíyí yẹn dúró. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló lè dá a dúró.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

– Páìpù adábùú: irin kábọ́ọ̀nù tí kò ní ojú ìjó, tí wọ́n fà ní tútù, tí agbára rẹ̀ kò dín sí 350 N/mm². Èyí tó kéré jù tí FIA gbà ni 38 × 2.5 mm tàbí 40 × 2 mm.
– Páìpù ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì: irú irin kan náà, 38 × 2.5 mm.
– Irin pẹlẹbẹ mẹ́rin, 6 mm ní nínípọn, fún orí ọ̀pá àti ìdí ẹsẹ̀.
– Bóòtù 7/16 UNF (eyín ti ínṣì) tàbí M12 (eyín ti mílímítà), tí ìpele agbára rẹ̀ jẹ́ 8.8 ó kéré tán, gẹ́gẹ́ bí eyín tó wà nínú ọkọ̀ bá ṣe rí.
– Irin àfikún 3 mm fún ihò tuntun èyíkéyìí lára bọ́dì, kí ojú rẹ̀ má dín sí 40 cm². Irin 80 × 50 mm bá a mu gẹ́lẹ́.
– Irin róbótó 6 mm díẹ̀ fún òrùka ìdádúró okùn.

Fún páìpù adábùú, 45 × 2.5 mm ló wù wá ju 38 × 2.5 lọ bí àyè bá wà. Mítà kan rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 2.6 kg, ti 38 sì jẹ́ 2.2 kg, ṣùgbọ́n ó fi ìlọ́po 1.7 le ju ti 38 lọ láti tẹ̀. Ìwúwo tí kò tó ìdajì kílò lórí mítà kan kò tó ohun tí a ń bá ara wa jiyàn lé.

Páìpù omi tí wọ́n fi síǹkì bò kò wúlò níbí. A kò mọ agbára irin rẹ̀, èéfín síǹkì sì jẹ́ májèlé fún ẹni tó ń jó o, ó tún máa ń fi ihò wẹ́wẹ́ sínú ojú ìjó. Páìpù sàlẹ́ńsà tinrin jù. Alumíníọ̀mù máa ń pàdánù agbára níbi tí iná bá ti kàn án. Ẹ má sì fi kúróòmù bo ọ̀pá tó ti parí nítorí ẹwà: omi kẹ́míkà tí wọ́n ń rì í sí lè sọ irin di ẹlẹgẹ́ láìhàn sójú. Ọ̀dà tó.

Títú inú ọkọ̀

Ẹ yọ okùn bátìrì, kí ẹ sì dúró fún iye àkókò tí ìwé ọkọ̀ sọ kí ẹ tó fọwọ́ kan òpó ilẹ̀kùn. Ohun tó ń fa bẹ́líìtì pinpin nígbà ìjàǹbá wà nínú òpó náà, ẹ̀tù sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Báàgì afẹ́fẹ́ olójú fèrèsé sì ń gba etí òrùlé kọjá lókè rẹ̀. Ẹ má fi mítà iná kan wáyà wọn láé.

Ẹ tú ike òpó, síìtì ẹ̀yìn àti kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá bóòtù bẹ́líìtì ẹ̀yìn tàbí ti síìtì ẹ̀yìn, nítorí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ méjèèjì yóò kan. Bí ọkọ̀ kò bá ní síìtì ẹ̀yìn, ihò tuntun di dandan. Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó lu ú: táǹkì epo ọ̀pọ̀ ọkọ̀ asáré wà lẹ́yìn síìtì gan-an, páìpù bíréèkì sì sábà máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Irin àfikún 3 mm náà gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì bọ́dì, kí ẹrù máa fà á mọ́ bọ́dì, kì í ṣe kó máa fà á kúrò lára rẹ̀.

Gígé àti àpẹẹrẹ

Ẹ fi páálí ṣe àpẹẹrẹ irin pẹlẹbẹ orí kọ̀ọ̀kan. Òpó méjèèjì kì í bára mu tán, torí náà ẹ kọ «ọ̀tún» àti «òsì» sára wọn. Ẹ gé irin 6 mm, ẹ lu ihò bóòtù (12 mm fún 7/16, tó jẹ́ 11.1 mm), kí ẹ sì dè wọ́n mọ́ òpó gbọnyin. Ìgbà tí wọ́n bá ti wà níbẹ̀ ni kí ẹ tó wọn gígùn páìpù, láti ojú irin kan sí èkejì. Ẹni tó bá wọn láti òpó sí òpó, kó tó wá yọ nínípọn irin kúrò nínú ìṣirò, lè ṣì í gé.

Páìpù gbọ́dọ̀ wọlé láìjẹ́ pé ẹ lù ú, kí àlàfo orí kọ̀ọ̀kan má ju 1 mm lọ. Bí òpó bá dagun, ẹnu páìpù náà gbọ́dọ̀ dagun. Ọ̀pá tó tọ́ ni a fẹ́. Bí ẹ bá ní láti tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀páìpù ni kí ẹ lò, kí rédíọ́sì rẹ̀ má dín sí ìlọ́po 3 ìbú páìpù. Ẹ fi ìwọ̀n kálípà wo ibi tó tẹ̀: bí ìbú tó kéré bá dín sí 0.9 ti èyí tó tóbi, ó ti pẹlẹbẹ jù, ẹ gé òmíràn. Ẹ má fi iná tẹ̀ ẹ́.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni kí ẹ wá fi àkókò sí. Okùn máa ń fa ọ̀pá síwájú àti sókè díẹ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sẹ́yìn àti sísàlẹ̀, kí ẹrù fi máa fà á nà. Irin tí a ń fà nà kì í wọ́. Kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kan páìpù adábùú lẹ́yìn síìtì, láàárín okùn méjèèjì ẹni yẹn, ní ibi tó sún mọ́ wọn jù. Bí ẹ bá kó ẹsẹ̀ méjèèjì sí àárín ọkọ̀ nítorí pé ó rọrùn, òde páìpù ni yóò tẹ̀. Ẹ gé ẹnu ẹsẹ̀ ní kòtò kí ó lè gbá páìpù adábùú mọ́ra: ayùn róbótó tí a ń fi sẹ́nu dírílù, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ti páìpù adábùú, ló ń ṣe é dáadáa. Bí iná bá ń yọ láàárín àlàfo, ẹ fi fáìlì bá a ṣe. Àlàfo tó tóbi kì í ṣe ohun tí a ń fi irin ìjó dí.

Jíjó

Inú ọkọ̀ ni kí ẹ ti fi ojú ìjó kékeré mẹ́ta mẹ́ta de gbogbo ìsopọ̀, kí ohun gbogbo wà ní ipò rẹ̀. Ẹ bo gíláàsì, pátákó iwájú àti bọ́dì pẹ̀lú aṣọ tí iná kì í jó, kí ohun ìpaná wà nítòsí, kí bátìrì ṣì wà ní yíyọ. Ẹ tú u kúrò lẹ́yìn náà, kí ẹ jó o tán níta.

Irin tó gbóná máa ń sún kì bó bá ń tutù, tí yóò sì fa irin pẹlẹbẹ wọlé. Bí ẹ bá jó ọ̀pá náà ní òfìfo, ẹ ó dá a padà sínú ọkọ̀, ihò kò sì ní bára mu mọ́. Ẹ dè é mọ́ férémù kan tí ẹ fi áńgùùlù áyọ̀n ṣe, tí ihò rẹ̀ bá ti ọkọ̀ mu, kí ẹ máa jó díẹ̀ ní ọ̀tún, díẹ̀ ní òsì, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù lórí férémù kí ẹ tó tú u.

Páìpù tí a dí lórí méjèèjì máa ń tú afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde ní ojú ìjó tó kẹ́yìn, tí yóò lu ú ní ihò. Ẹ lu ihò 3 mm kan sísàlẹ̀, nítòsí orí ọ̀pá, kúrò níbi tí okùn yóò wà, kí ẹ dí i lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá tutù. Kí ẹ tó jó ọ̀pá gan-an, ẹ jó páìpù kékeré kan mọ́ irin 6 mm pẹ̀lú iná kan náà, kí ẹ gé e láàárín. Irin nípọn, páìpù tinrin: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ojú ìjó lẹ̀ mọ́ irin nípọn lórí lásán láìwọnú rẹ̀.

Òrùka ìdádúró okùn wà kí okùn má baà yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Okùn kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ méjì, tí àlàfo àárín wọn fi díẹ̀ ju ìbú okùn lọ. Ojú ìjó kékeré níwájú àti lẹ́yìn tó, ẹ má jó o yípo. Bí ẹ bá fẹ́ de okùn pẹ̀lú bóòtù dípò kí ẹ fi yí ọ̀pá po, FIA ní kí a jó bọ́ọ̀ṣì irin sínú páìpù fún bóòtù kọ̀ọ̀kan. Bóòtù tó kàn la páìpù òfìfo kọjá yóò fún un pa. Ẹ fi fáìlì mú gbogbo irin tó ta lé ibi tí okùn yóò fi ara kàn. Ìkán irin tí ò tó orí abẹ́rẹ́ máa ń gé okùn díẹ̀díẹ̀.

Dídè

Ẹ má kun ojú irin pẹlẹbẹ tó kan bọ́dì ní ọ̀dà tó nípọn, ẹ kàn fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan án kí ó má dípáta. Ọ̀dà tó nípọn máa ń tẹ̀ lábẹ́ bóòtù, bóòtù á sì dẹ̀.

Irin ọ̀pá ló máa kan òpó, òrùka bẹ́líìtì àtilẹ̀wá á wà lórí rẹ̀. Bóòtù àtilẹ̀wá á wá kúrú ní 6 mm. Ẹ ra èyí tó gùn ju ú lọ, tó ní èjìká bíi tirẹ̀, kí òrùka bẹ́líìtì lè máa yí fàlàlà. Bẹ́líìtì tí òrùka rẹ̀ bá há kò ní fara mọ́ ara mọ́. Ẹ ka yíyí rẹ̀: 7/16 UNF ń wọlé ní 1.27 mm lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà 9 kíkún ló kéré jù. Fún M12 tó ń wọlé ní 1.75 mm, ẹ ka 7. Eyín UNF àti ti M12 máa ń jọra lójú. Bí bóòtù bá le lẹ́yìn yíyí méjì, ẹ yọ ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Ẹ fi ọwọ́ mú gbogbo bóòtù wọlé kí ẹ tó fún ọ̀kankan. Bí àlàfo bá ṣẹ́kù láàárín irin àti òpó, ẹ fi wáṣà irin tinrin dí i. Ẹ má fi bóòtù fa òpó wọlé. Ẹ wá fi sípánà oníwọ̀n fún un dé iye tí ìwé ọkọ̀ sọ fún bóòtù bẹ́líìtì, kí ẹ fi ọ̀dà fa ìlà láti orí bóòtù sára irin.

Okùn fífi yí ọ̀pá po ní ìlànà: ó gba orí ọ̀pá kọjá, ó yí i po, ó padà sínú irin onígi mẹ́ta (irin ìdè tó wà lórí okùn), ó gba orí igi àárín, ó sì tún padà sábẹ́ okùn àkọ́kọ́. Ẹni tó bá gbàgbé ìpadà kejì yẹn kò de nǹkan kan. Kí irin náà sún mọ́ ọ̀pá, kí ìrù okùn tó ṣẹ́kù má dín sí 100 mm. Kí okùn kọ̀ọ̀kan ní ibi tirẹ̀. FIA kò gba okùn èjìká méjì lórí ojú ìdè kan.

Kí awakọ̀ tún jókòó. Ẹ fi fóònù tó ń ka dígírì lé okùn, ẹ ti síìtì síwájú àti sẹ́yìn, ẹ pa ilẹ̀kùn, ẹ wo bóyá okùn ń ha etí ihò síìtì. Bí àṣíborí bá lè kan ọ̀pá, ẹ fi fóòmù líle tó ní àmì SFI 45.1 (SFI ni àjọ ìlànà ohun èlò ìje ní Amẹ́ríkà) tàbí FIA 8857-2001 bò ó. Fóòmù rírọ̀ kì í ṣe ohun kan náà.

Lẹ́yìn eré àkọ́kọ́, ẹ wo ìlà ọ̀dà lórí àwọn bóòtù, kí ẹ tún fún wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣáájú ọjọ́ ìje kọ̀ọ̀kan. Ìlà dúdú tàbí ipáta tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìjó sábà máa ń jẹ́ àmì pé ó ti là. Bí ọkọ̀ bá ti forí sọ nǹkan gidi tí awakọ̀ wà nínú hánẹ́ẹ̀sì, ẹ pààrọ̀ okùn, ọ̀pá àti bóòtù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ò rí nǹkan kan. Okùn ní ọjọ́ ìparí pẹ̀lú: ti SFI 16.1 máa ń parí lẹ́yìn ọdún 2 sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ti FIA 8853-2016 sì ní ọdún tí a tẹ̀ sára àmì rẹ̀. Ẹ kà á kí ẹ tó san owó, torí okùn tó ti wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù fún ọdún 1 ti jẹ ìlàjì ọjọ́ rẹ̀.